Sáfà mẹ́ta, ọwọ́ ni mo fi ń tò wọ́n: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, mo kí yín o. Wẹ́ẹ̀bù ni mo ń kọ, Laravel (irinṣẹ́ PHP) ni mo fi ń kọ ọ́, n'Ìbàdàn níbí. Sáfà mẹ́ta (kọ̀ǹpútà tí wẹ́ẹ̀bù ń gbé orí rẹ̀) ló wà lọ́wọ́ mi, Ubuntu, irú Linux kan, ni gbogbo wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan kú. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi tò ó padà, torí n kò rántí gbogbo ohun tí mo ti yí nínú Nginx rẹ̀ (ètò tó ń gbé ojú ewé wẹ́ẹ̀bù fún àwọn tó bá wá a) láti èṣín. Ṣé kí n kọ́ Ansible (irinṣẹ́ tó ń báni tò sáfà) ni, àbí fáìlì àṣẹ Bash ti tó? Àwọn kan ní Docker, tó ń di ètò kọ̀ọ̀kan sínú àpótí tirẹ̀, ni kí n gbájú mọ́.

Bàbá Terminal: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Bash ò burú, àmọ́ bó o bá lò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó lè kọ ìlà kan náà sínú fáìlì lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti Ansible, bó o ṣe fẹ́ bá sáfà lo máa kọ sílẹ̀: kí Nginx wà, kó sì máa ṣiṣẹ́. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn án. SSH tó ò ń lò láti fi wọ sáfà láti ọ̀nà jíjìn náà ló ń gbà wọlé. Ti Docker, ta ló máa fi Docker gan-an sórí sáfà? Ta ló máa ṣí ufw, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sáfà?

Àǹtí Kódù: Má fi sáfà oníbàárà kọ́ṣẹ́ o! Yá kékeré kan, kọ playbook rẹ (fáìlì tí Ansible ń tẹ̀ lé), pa sáfà náà rẹ́, kó o wá jẹ́ kí playbook tò ó látìbẹ̀rẹ̀. Bó bá dìde láìjẹ́ pé o wọlé lọ tún nǹkan kan ṣe, o ti ń mọ̀ ọ́n nìyẹn. Kó o tó kan ti oníbàárà, fi --check àti --diff wò ó ná, kó o lè rí ohun tó máa yí láìtíì yí i. YAML, tí a fi ń kọ playbook, ò sì gba táàbù níbẹ̀rẹ̀ ìlà. Odindi òru kan ni mo fi wá ìyẹn.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Windows ni mò ń lò o. Password dátábéèsì ńkọ́? Mo fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sí GitHub, ibi tí a ń kó kóòdù sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Bàbá Terminal: Ansible kì í ti orí Windows lásán pàṣẹ, fi WSL (Linux tó ń ṣiṣẹ́ nínú Windows) sí i, inú rẹ̀ ni kó o ti lò ó. Password, ansible-vault ni kó o fi tì í pa kó tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Má gbé e síta ní ìhòòhò.

Olùbéèrè: WSL ti wọlé. Àmọ́ playbook ń pariwo lórí ìlà kẹrin.

Olùbéèrè: Àǹtí, ẹ má dáhùn. Táàbù ni.