“Àjẹsára”, “ìdà”, “ìwọ̀ntúnwọ̀nsì”: ṣé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bá ọtí mu?

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o.

Gbólóhùn tí ẹ̀gbọ́n wa dá lábàá láti fi túmọ̀ “moderate”, “immunity” àti “metabolism” ti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ni mo ń fèsì sí: “Mímu ọtí níwọ̀ntúnwọ̀nsì máa ń nípa lórí àjẹsára àti ìdà oúnjẹ.” Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ yẹn ò bá mi lára mu.

Àjẹsára ni kí á kọ́kọ́ yanjú. Ohun tí a jẹ sí ara ni, láti òde ló ti wọlé, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún ọmọdé ló sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ báyìí. Bí mo bá ní ọtí ń dín àjẹsára kù, òǹkàwé á rò pé abẹ́rẹ́ ni ọtí bà jẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yàtọ̀: ọtí àmujù máa ń jẹ́ kí ògiri ìfun jò, kí oró ara bakitéríà bá ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀, ó sì máa ń sọ sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé kòkòrò àrùn mì di ọ̀lẹ. Agbára tí ara fúnra rẹ̀ fi ń gbógun ti àrùn ni ìyẹn ń bà jẹ́, kì í ṣe abẹ́rẹ́. “Ààbò ara” ni mo fara mọ́. (Ní ti ìwọ̀n kékeré, ẹnu àwọn olùwádìí ò kò. Àwọn tí àìsàn ló mú kí wọ́n jáwọ́ nínú ọtí pọ̀ lára àwọn tí wọ́n ń pè ní “aláìmutí”, ìyẹn sì máa ń jẹ́ kí ó dà bíi pé ara amutí ló le jù.)

Ìdà ńkọ́? Inú ikùn àti ìfun ni oúnjẹ ti ń dà. Ọtí kì í dà rárá: bó ṣe wà ló ṣe ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú u. Ẹ́ńsáìmù kan (èròjà tó ń mú kí nǹkan tètè yí padà nínú ara) á sọ ọ́ di acetaldehyde, tó jẹ́ májèlé. Òmíràn á sọ ìyẹn di acetate. Ara á wá jó o di omi àti afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń bá èémí, ìtọ̀ àti òógùn jáde láìtú. Kálórì 7 ló wà nínú gíráàmù kan. Bí ẹ̀dọ̀ bá sì ti dojú kọ ọtí, ó máa ń pa ọ̀rá jíjó àti ṣúgà ṣíṣe tì: ọ̀rá á kó jọ sínú rẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sì lè já wálẹ̀, pàápàá bí alátọ̀gbẹ tó ń lo ínsúlínì bá mu ún sí ikùn òfìfo.

Nítorí náà, “ìtútò” ni mo dábàá fún “metabolism”: ara ń tú nǹkan palẹ̀, ara ń to òmíràn jọ. Ẹ má kọ ọ́ ní “ìtúntò”, “tún tò” ni wọn yóò gbọ́. Fún ọtí, “ìtú” nìkan ti tó. Ó sì tún yàtọ̀ sí “ọtí dá lójú rẹ̀”. Ojú lè dá kí ọtí má tíì tú tán. Nǹkan bíi gíráàmù 7 sí 10 ni ẹ̀dọ̀ ń tú ní wákàtí kan, kọfí tàbí omi tútù ò lè lé e sáré.

Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ìwà rere ni. Ó ti yin ọtí kí gbólóhùn tó parí, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2023 pé kò sí ìwọ̀n tí kò léwu. Ẹ kọ “ìwọ̀nba”, kí ẹ fi gíráàmù tì í: ẹ fi agbára ọtí náà (5% jẹ́ 0.05) sọ iye mìlílítà di púpọ̀, kí ẹ sì tún fi 0.79, ìwọ̀n gíráàmù tó wà nínú mìlílítà ọtí pọ́ńbélé kan, sọ ọ́ di púpọ̀. Mìlílítà 330 tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5% á fún yín ní gíráàmù 13. “Ife kan” lásán ò tó, torí gíráàmù 8 ni ti Bìrìtìkó, 14 ni ti Amẹ́ríkà.

*

Èsì ẹ̀gbọ́n: Àbúrò, o ṣeun. Mo jọ̀wọ́ ìdà, mo jọ̀wọ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Àmọ́ ẹ̀wù náà ààbò ara ni, àṣíborí náà bẹ́ẹ̀. “Agbára ìgbóguntàrùn” ni mo máa kọ. Má sì fi “ìtú” nìkan sílẹ̀ fún ọtí: ara máa ń fi díẹ̀ nínú acetate yẹn tò ọ̀rá. Ìtútò náà ni.