Ṣé ọmọnílé São Tomé yìí àti ti ilé wa níbí jẹ́ ọ̀kan náà?

Olùkọ́ Ọ̀ffà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bàólọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama níbí. Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè São Tomé fi àwòrán ọmọnílé kan ránṣẹ́, aláwọ̀ eérú, tó lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́bàá gílóòbù. Mo fi han àwọn ọmọ kíláàsì, ni ọ̀kan bá ní, "Tíṣà, èyí tó wà nílé wa nìyí." N ò rí èsì fún un. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? N ò fẹ́ purọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ìyá Ìbejì Ìlọrin
Tíṣà, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn án o. Májèlé ni. Tó bá já sọ́bẹ̀ mi, dídànù ni.

Ọmọ Òmù-Àrán
Ẹ ṣeun, Màmá, ó yẹ ká da ọbẹ̀ náà nù, ṣùgbọ́n ọmọnílé ò ní oró rárá. Kòkòrò àìsàn inú ìgbẹ́ rẹ̀ la ń sá fún. Kí ọmọ tó bá dì í mú fi ọṣẹ fọwọ́, ó tán.

Tíṣà, ẹ fi ti àwọ̀ sílẹ̀. Ọmọnílé kan náà lè ṣú lọ́sàn-án kó sì funfun lálẹ́. Abẹ́ ìka ẹsẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kó gun inú ìgò tó mọ́ gaara, kí ẹ wá ya àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìta. Ẹ óò rí ìlà pẹlẹbẹ tó tò léra bíi páànù òrùlé. Bí wọ́n bá là sí méjì láàárín, agboolé Hemidactylus ni (agboolé tí mo wí yìí ni ẹ̀yin oníbàólọ́jì ń pè ní genus, oríṣi ọmọnílé tó pọ̀ ló wà nínú ọ̀kan). Bí wọn ò bá là, tó sì jẹ́ ìka kẹta àti ìkẹrin nìkan ló ní èékánná, Tarentola ni, àwọn tó pọ̀ ní erékùṣù Canary àti Cape Verde, tí òkè ayọnáyèéfín bí. Èyí tó kéré, tó ń jẹ̀ lọ́sàn-án, tí ọmọ ojú rẹ̀ rí roboto, Lygodactylus nìyẹn.

Olùkọ́ Ọ̀ffà
A ti ṣe é. Ọmọ kan kọ́kọ́ di ìrù ọ̀kan mú, ni ìrù bá já sí i lọ́wọ́, ó ń jà pìtìpìtì lórí sìmẹ́ǹtì, ó dùn mí gan-an. Èkejì la fi sínú ìgò. Ó là sí méjì! Ti àbúrò mi náà là sí méjì. Ọ̀kan náà ni wọ́n, àbí?

Ọmọ Òmù-Àrán
Agboolé kan náà ni; ìyẹn ò sọ wọ́n di ẹnì kan náà. Tiwa tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní kókó wúruwùru, Hemidactylus angulatus ni. Ìwé àtijọ́ máa ń pè é ní brookii, orúkọ ti ilẹ̀ Éṣíà. Onílẹ̀ ní São Tomé ni H. (Hemidactylus) greeffii, tí Bocage ará Pọtogí sọ lórúkọ ní 1886. Àmọ́ H. mabouia, tó máa ń bá ẹrù inú ọkọ̀ ojú omi rìn, ti débẹ̀ náà, ògiri ilé ló sì fẹ́ràn. Ẹni ẹ̀bá gílóòbù yẹn lè jẹ́ àlejò.

Àgbà Ìgbómìnà
Ẹ bi àbúrò yín: erékùṣù wo gan-an, São Tomé àbí Príncipe, tí méjèèjì jẹ́ orílẹ̀-èdè kan? Fernando Po táwọn bàbá wa lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó, tí wọ́n ń pè ní Bioko báyìí, ti so mọ́ ilẹ̀ wa rí nígbà tí òkun fà sẹ́yìn. São Tomé, Príncipe àti Annobón ò so mọ́ ọn rí. Inú òkun ni iná ti tì wọ́n jáde, ti Príncipe sì ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 31 ọdún. Ọmọnílé tó bá igi léfòó débẹ̀ kò rí ará ilé mọ́, ó yí padà díẹ̀díẹ̀. Títí di 2012, greeffii ni wọ́n ń pe ti Príncipe. Ọdún yẹn ni wọ́n yà á sọ́tọ̀, H. principensis.

Olùkọ́ Ọ̀ffà
Ẹ̀yin àgbà, mo pè é. Príncipe ló ti ya àwòrán náà! Ó lọ síbẹ̀ fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Mo sì ti kọ "São Tomé" gàdàgbà sójú pátákó.

Àgbà Ìgbómìnà
Ẹ pa á rẹ́. Kó tún ya ẹ̀yìn àti ìrù rẹ̀ wá, kó kọ ọjọ́ àti abúlé mọ́ ọn.

Olùkọ́ Ọ̀ffà
Mo ti gbọ́, sà. Lọ́la, "Hemidactylus, Príncipe" ni mo máa kọ sábẹ́ rẹ̀. Màá sọ fún ọmọ yẹn pé ó mọ agboolé, ó ku orúkọ.