Amalfi nínú oṣù Kẹjọ pẹ̀lú màmá àgbà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. London ni mò ń gbé. Màmá mi ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, Amalfi ní Ítálì ni wọ́n sì láwọn fẹ́ rí, torí ṣọ́ọ̀ṣì Áńdérù Mímọ́ tí wọ́n gbọ́ pé egungun àpọ́sítélì náà wà lábẹ́ rẹ̀. Físà ti jáde. Oṣù Kẹjọ nìkan ni mo lè gbàsinmi, ìgbà tí oòrùn ń mú ganrínganrín.

Orúnkún màmá ló ń kọ mí lóminú. Àtẹ̀gùn iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn lé ní 60, ó sì dà gẹ̀ẹ́rẹ́. Ǹjẹ́ ọ̀nà mìíràn wà tí àgbàlagbà lè gbà wọlé? Ẹni tó ti débẹ̀ ni kó jọ̀wọ́ dá mi lóhùn, mo ti wo fọ́tò tó.

Ibo la tún máa sùn? Òtẹ́ẹ̀lì Amalfi wọ́n jù. Mo ń rò ó pé ká sùn sí Salerno tí rélùwéè dé, ká máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Bọ́ọ̀sì wà, àmọ́ ọ̀nà etí òkun yẹn há, ó sì rí kọ́lọkọ̀lọ. Màmá a sì máa bì nínú ọkọ̀. Ṣé ọkọ̀ ojú omi náà kì í mì jù? Ṣé èèyàn lè ra tíkẹ́ẹ̀tì ní èbúté láàárọ̀ ọjọ́ náà, àbí ká ti rà á sílẹ̀? Ọjọ́ 15, Ferragosto, mo ti yọ ìyẹn kúrò. Gbogbo Ítálì ló ń ṣọdún lọ́jọ́ náà.

Ẹ má wulẹ̀ ní kí n mú wọn lọ sí Róòmù o. Wọ́n ti kọ̀ ọ́.