Lórí «ọkọ̀ agbẹ́rù», «agbára» àti «ìtọ́jú àárọ̀»

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣe ìwé àyẹ̀wò fún àwọn tó ń wa fọ́kílífùtù (ọkọ̀ tó ń fi irin méjì iwájú rẹ̀ gbé ẹrù sókè) ní ilé ìkẹ́rùsí kan níbí l'Abẹ́òkúta bi wá léèrè orúkọ tí ọkọ̀ náà ń jẹ́ ní Yorùbá. Àwọn kan dá a lóhùn pé «ọkọ̀ agbẹ́rù», ẹnì kan ní «katakata agbẹ́rù», ẹlòmíràn sì ní «àmúga onímọ́tò». Ti ìkẹyìn yìí pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ṣì sàn ju àwọn yòókù lọ, torí ó rántí irin méjì tó wà níwájú. «Ọkọ̀ agbẹ́rù» kò yà á sọ́tọ̀ rárá. Lọ́ọ̀rì tó kó ìrẹsì wá sí ọjà Láfẹ́nwá, agbẹ́rù ni. Márúwá tó ru àpò sìmẹ́ǹtì, agbẹ́rù ni. Ẹni tó bá sì gbọ́ «katakata», oko lọkàn ẹ̀ máa lọ.

Èmi ní ká fi fọ́kílífùtù sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí awakọ̀ ṣe ń pè é nìyẹn, bí mẹkáníìkì ṣe ń pè é nìyẹn, ó sì ti wọ ẹnu tán bíi lọ́ọ̀rì. Oríṣi rẹ̀ àti ẹ̀yà ara rẹ̀ ló yẹ ká sọ lórúkọ, nítorí oríṣi làwọn olówó máa ń ṣì rà.

Èyí tí gbogbo wa mọ̀ jù, tí irin ńlá wà ní ìdí rẹ̀ kí ẹrù iwájú má baà fà á dojúdé, «onídìí-irin» ni mo pè é. Bó bá jẹ́ ti oníná, bátìrì rẹ̀ náà wà lára ìdí yẹn. Ẹni tó bá lọ fi bátìrì tó fúyẹ́ ju ti àtilẹ̀wá lọ pààrọ̀ rẹ̀ ti dín ìwúwo ìdí kù nìyẹn, kò sì ní mọ̀ títí tí ìdí á fi gbéra nílẹ̀. Èyí tó ń na ọwọ́ sínú pẹpẹ gíga láàárín ọ̀nà tóóró, tó sì ń fa ẹrù padà mọ́ra kó tó rìn, «anawọ́» ni. Táyà anawọ́ kéré, ó sì le. Ilẹ̀ kọnkéré tó tẹ́jú ló ṣe é fún, kì í ṣe àgbàlá olókùúta wẹ́wẹ́ bí irú èyí tó kún ìlú wa. Tí iṣẹ́ yín bá wà níta, onídìí-irin tó ní táyà oníroba tó fẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Tó bá jẹ́ inú ilé tí afẹ́fẹ́ ò ti fẹ́ dáadáa, ẹ yẹra fún èyí tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì tàbí gáàsì: carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀, kò lóòrùn, ojú kò sì rí i. Oníná ló yẹ ibẹ̀, kí ibi tí wọ́n ti ń chájì rẹ̀ ṣáà gba afẹ́fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì mu sìgá níbẹ̀, torí haidirójìn, afẹ́fẹ́ tó máa ń gbiná, máa ń jáde lára bátìrì.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé gan-an ni «agbára». Ohun tí ìwé ẹ̀gbọ́n wa sọ ni «agbára ọkọ̀: 2,500 kg». Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. «Ó lágbára ẹ̀» ni awakọ̀ máa ń wí kí ọkọ̀ tó dojúdé, kò sì parọ́: ẹ̀rọ lè gbé ẹrù náà kúrò nílẹ̀ lóòótọ́. Iye méjì ló wà lára pátákó kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ọkọ̀, bíi 2,500 kg ní 500 mm. Ìkejì yẹn ni bí àárín ẹrù ṣe jìnnà tó sí ibi tí eyín, ìyẹn irin méjì iwájú, ti dìde. Tí ẹrù bá gùn, tí àárín rẹ̀ bọ́ sí 700 mm, 2,500 kg kò sí níbẹ̀ mọ́. «Òdiwọ̀n ẹrù» ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ sì kọ «àárín ẹrù» sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mo pe irin méjì iwájú ní «eyín», ibi tó ti tẹ̀ sì ni «gìgísẹ̀». Gìgísẹ̀ ló máa ń jẹ jù, torí òun ló ń wọ́ nílẹ̀. Tó bá ti jẹ ìdá kan nínú 10, ẹ mú eyín náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Eyín tó nípọn 40 mm tó wá ku 36 mm ti pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú 5 nínú ohun tó lè gbé, bẹ́ẹ̀ ojú lásán ò lè rí 4 mm. Ẹ fi kálípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, wọ̀n ọ́n.

«Ìtọ́jú àárọ̀» tí ìwé náà pe àyẹ̀wò náà kò tọ́. Sọ fún awakọ̀ pé kó tọ́jú ọkọ̀, á mú àkísà, á nù ún, á bu ọ́ìlì sí i. Àyẹ̀wò ní ìdájọ́ nínú: wà á, tàbí má wà á. Òfin OSHA, àjọ tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n yẹ ọkọ̀ wò lójoojúmọ́ kó tó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, tó bá sì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, lẹ́yìn ìpín iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò dá yín lójú, ẹ dá a dúró.

Ìbéèrè kan wà nínú ìwé náà pé «Ṣé ọ́ìlì ń jò?» Awakọ̀ á ní rárá, torí ó kàn ń sun jáde díẹ̀díẹ̀ ni, kò tíì kán sílẹ̀. Ẹ béèrè méjèèjì: ṣé ó ń sun, ṣé ó ń kán? Ẹ sì fi kún un pé páálí ni kí wọ́n fi wá ojú ibi tó ti ń jáde, kì í ṣe ọwọ́: ọ́ìlì tí ẹ̀rọ fi ipá tì jáde lè gún awọ ara wọlé.

Ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńkọ́? Wọ́n kọ «Má ṣe kọjú ẹrù sísàlẹ̀». «Kí ẹrù máa wà lápá òkè» yéni jù: ó ń gòkè, iwájú ni yóò fi lọ, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn ni yóò fi rìn.

«Òpó» ni mo fi pe ohun gíga tí eyín ń gùn lọ sókè. Kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí òpó tiwa kì í tẹ̀ síwájú sẹ́yìn, kì í sì í gùn sí i. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù, kó fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó tẹ ìwé náà.