Sínóò ní Ọ́kítóbà: ṣé òótọ́ ni àbúrò mi ń sọ àbí owó Iléyá ló ń sá fún?

Alaro_OkeBaale (Ọjọ́bọ̀, 3 Nòfẹ́ńbà 2011, àárọ̀)

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun tàbí tẹ́ ẹ ti gbébẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi.

Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní West Hartford, Connecticut, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin báyìí. Láti oṣù Kẹsàn-án ló ti sọ fún wa pé òun máa fowó ránṣẹ́ kí Iléyá tó dé, owó àgbò àti owó páànù, torí ìjì tó jà nígbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí ló ṣí ẹ̀yìn ilé màmá wa ní Òkè-Baálẹ̀ níbí, tapólì la fi bò ó látìgbà yẹn, òjò àrọ̀kúrò yìí ò sì fẹ́ lọ, tó bá ti ṣú báyìí ká máa gbé abọ́ kiri yàrá ni. Sọ́ńdè yìí ni Iléyá. A ò rí nǹkan kan.

Ọjọ́ Túsìdeè ló pè, inú mọ́tò ẹnì kan ló ti ń sọ̀rọ̀, ó ní sínóò bọ́ ní Sátidé, ó wó igi lu mọ́tò òun, iná ti lọ látọjọ́ yẹn, inú ilé ìwé kan tí wọ́n kó àwọn èèyàn sí lòun ń sùn. Kó máa bá a lọ, fóònù já. Látìgbà náà nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́.

Ohun tó ń rú mi lójú rèé. Ọ́kítóbà la ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ẹ̀, gbogbo fíìmù tí mo wò, ìgbà Kérésì ni sínóò ń bọ́. Èkejì, ṣebí ọdọọdún ló ń bọ́ níbẹ̀, kí ló wá dé tí eléyìí fi ń wó igi? Kẹ́ ẹ wá sọ pé iná lọ láti Sátidé ní Amẹ́ríkà! Ní Òṣogbo níbí a mọ̀ ọ́n, tí òpó bá wó àdúgbò á kọ́kọ́ dáwó, ṣùgbọ́n ìlú òyìnbó? Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ti ní kí n lọ wá owó àgbò síbòmíì, pé ọmọ yẹn ti gbọ́n.

Màmá ò tiẹ̀ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ owó. Ẹkún ni wọ́n ń sun. Wọ́n ní tó bá pè kí n sọ fún un kó ra èédú, kó dáná sínú ìkòkò, kó gbé e sí yàrá kó máa yá a.

BabaIbeji_Buffalo

Àǹtí, ẹ kú àníyàn o. Kí n tó dé orí owó rárá, ẹ bá mi bẹ màmá kí wọ́n má fún ọmọ yẹn nímọ̀ràn èédú! Òyìnbó kì í kọ́lé bíi tiwa, gbogbo ihò ni wọ́n dí pa nítorí òtútù, èéfín kan wà lára èédú tí ojú ò rí tí imú ò gbọ́, èèyàn á kàn rò pé oorun ló ń kun òun ni, ó parí. Jẹnẹrétọ̀ náà ńkọ́, ohun tó ń pa ìdílé odindi ní Nàìjíríà tí wọ́n bá gbé e sí kọ́rídọ̀ lóru náà ló ń pa wọ́n níbẹ̀, kódà tó bá wà níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí tí wọ́n ṣílẹ̀kùn gbayawu. Ìta gbangba ni, kó jìnnà sí fèrèsé.

Ó dáa. Òótọ́ ni àbúrò yín ń sọ.

Mo wà ní Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York, ní 2006, ọjọ́ 12 Ọ́kítóbà, Ọjọ́bọ̀ ni bíi tòní. Jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ ni mo wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe èyí tó ń fò bí ìyẹ́ òwú bíi ti Jánúárì o, ó tóbi, ó rin gbindin, ibi tó bá bà sí ló ń lẹ̀ mọ́. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Lóru ọjọ́ yẹn ta ló sùn? Ẹ ó kàn máa gbọ́ gbàù! gbàù! bí ìgbà tọ́dẹ ń yìnbọn, ẹ̀ka igi ló ń ya, tó ń fa wáyà lọ sílẹ̀. Ilé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400,000 ló bọ́ sókùnkùn, àwọn míì lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ọjọ́ mẹ́jọ lèmi lò.

Ewé ló fà á. Ìgbà Kérésì tẹ́ ẹ ń wò nínú fíìmù yẹn, igi wọn ti wọ́wé tán, ẹ rántí bí igi tíìkì ṣe máa ń rí nígbà ọyẹ́, egungun lásán, sínóò á gba àárín ẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ọ́kítóbà ewé ṣì wà lórí, ewé kọ̀ọ̀kan á wá tẹ́ ọwọ́ gbà á. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ jẹ́ aláró, okùn tẹ́ ẹ ń sá àdìrẹ sí, ó lè gbé ogún aṣọ gbígbẹ kó má mira, ẹ wá yọ aṣọ látinú ìkòkò aró, ẹ má fún un, ẹ tò ó sórí okùn kan náà, ṣé kò ní já? Sínóò tó rin bẹ́ẹ̀, tó bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, èyí tó wà lórí mítà kan níbùú mítà kan lóròó lè wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì lọ. Igi wo ló fẹ́ rù ú?

Ti Buffalo, adágún Erie ló fà á, omi ẹ̀ ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ láti ìgbà ooru, afẹ́fẹ́ tútù gba orí ẹ̀ kọjá, ó fa omi náà, ó wá tú u lé wa lórí. Ti Connecticut yìí, ọ̀dọ̀ òkun Àtìláńtíìkì ló ti gbé omi tiẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ewé yẹn, ìkan náà ni.

Agbalagba_Igbona

Ẹ máa gba ti yín o 😂😂 èmi ní ẹ̀gbọ́n kan ní London, gbogbo ìgbà tí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan ni nǹkan máa ń ṣe é. Ọdún kan wọ́n jí pọ́ọ̀sì ẹ̀, ọdún kejì báńkì ti àkáǹtì ẹ̀. Ẹ ní kó ya fọ́tò igi náà kó fi ránṣẹ́.

Oniwaya_Olaiya

Bọ̀dá Ìgbóńnà, fóònù tí ò ní bátìrì ló máa fi ya fọ́tò?

Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ n bá àǹtí sọ ọ́. Ẹ̀yin rò pé torí wọ́n jẹ́ òyìnbó abẹ́ ilẹ̀ ni gbogbo wáyà wọn wà. Rárá o. Púpọ̀ nínú ẹ̀, orí òpó onígi ló wà bíi tiwa, igi ńláńlá sì tò sétí títì, wáyà ń gba àárín ẹ̀ka kọjá. Tí ìjì bá jà ní Òkè-Fíà tó wó òpó méjì péré, ẹ mọ iye ọjọ́ tá a fi ń lọ tá a fi ń bọ̀. Ẹ wá wo ìlú tó jẹ́ pé ọ̀nà gbogbo ló já, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èèyàn ò lè gun òpó láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ gé igi kúrò lọ́nà, ẹni tó ń gé igi ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí oníná á fi sọ pé wáyà yẹn ti kú. Wáyà ńlá ni wọ́n á kọ́kọ́ tún ṣe, ilé ìwòsàn, ilé omi, lẹ́yìn náà àdúgbò tí èrò pọ̀ sí. Wáyà tó yà wọ ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan ló máa ń kẹ́yìn, ìyẹn ló sì ń jẹ ọjọ́ jù torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gun un. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi pé páípù tó gbé wáyà náà lára ògiri, onílé ló ni ín níbẹ̀, tí igi bá ti fa ìyẹn ya, oníná ò ní so ó títí onílé á fi mú oníwáyà tiẹ̀ wá. Ṣé ẹ rí i pé ìyẹn náà owó ni.

Ẹ sọ fún un kó má súnmọ́ wáyà ilẹ̀, ó lè dà bí okùn lásán. Kó má sì fa ẹ̀ka tó wà lórí ẹ̀. Tẹ́nì kan bá yá a ní jẹnẹrétọ̀, kó má ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri bí àwọn kan ṣe ń ṣe níbí, iná yẹn á padà gba orí òpó lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe, mo ti rí i kòrókòró, ẹ jẹ́ n dákẹ́.

Omo_Mesiogo

Mi ò gbé òkè òkun rí o, Ìbàdàn ni mo wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí odò kún lọ́jọ́ 26 Ọ́gọ́ọ̀sì tó lọ yìí, tó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, tí àga, frììjì, gbogbo nǹkan mi bá omi lọ, mo pe ilé ní Òṣogbo pé mi ò ní lè san owó tá a jọ dá, ẹ̀gbọ́n mi ní "òjò lásán?" Títí tó fi rí i lórí tẹlifíṣọ̀n kò gbà mí gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Alaro_OkeBaale

Ọmọ Mesiọ̀gọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ojú tì mí bí mo ṣe ń kà á. Baba Ìbejì, ti okùn àdìrẹ yẹn yé mi yékéyéké, àná gan-an lokùn já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti sọ ti èédú fún màmá, wọ́n ní ṣé kí òtútù wá pa á ni.

IyaRuka_CT (Ọjọ́bọ̀, alẹ́)

Ẹ má bínú mo pẹ́ kí n tó rí i, láíbìrì ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́, èèyàn bí ogún ló yí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ká tá a ń ṣáájì fóònù. East Hartford ni mò ń gbé, kò jìn sí wọn. Ọjọ́ kẹfà rèé!!! Ilé tó lé ní 800,000 ni iná lọ lára wọn ní Connecticut nìkan, wọ́n ní kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí ní ìpínlẹ̀ yìí, ó ju ti ìjì Irene tó jà lóṣù Ọ́gọ́ọ̀sì lọ, Irene yẹn gan-an ti mi àwọn igi kan tẹ́lẹ̀. West Hartford àti Simsbury àti Farmington, ibẹ̀ ló burú jù. Àwọn ọmọdé ò lè ṣe Halloween (alẹ́ tí wọ́n máa ń múra lọ gba súìtì láti ilé dé ilé) ní Mọ́ńdè, púpọ̀ nínú ìlú ló sún un síwájú torí wáyà tó wà nílẹ̀.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ tí mo bá ní a tò fún bẹntiróò. Bẹntiróò wà nínú ilẹ̀ o, iná tó máa fà á jáde ni kò sí. Hítà tó ń lo gáàsì náà kú, torí iná ló ń yí fáànù ẹ̀. Sátidé sí Sọ́ńdè, inú sínóò lẹ́yìnkùlé ni mo sin ẹran mi sí dípò frììjì (kò tiẹ̀ burú), àfi bó ṣe yọ́ ní Túsìdeè, omi ẹ̀ wá ń ṣàn wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀, ẹ̀rọ tó máa fà á jáde, iná ló ń lò. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Àǹtí, ti owó. Ẹ má kàn wò ó pé inṣọ́ránsì wà. Tí igi bá wó lu mọ́tò, ó sinmi lórí irú èyí tó rà, tó bá tiẹ̀ bò ó, òun ló máa kọ́kọ́ yọ apá kan látinú àpò ara ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé wákàtí ni wọ́n fi ń sanwó iṣẹ́ fún un bíi tèmi, ibi iṣẹ́ tó tì ò ní sanwó. Ọ̀sẹ̀ yìí, mi ò rí kọ́bọ̀.

Ẹ fi orúkọ ẹ̀ àti ilé ìwé tó wà ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí. Mo ṣì ní bẹntiróò díẹ̀, màá yà lọ wò ó.

Agbalagba_Igbona

Ó dáa o, mo gbà. Ṣùgbọ́n ti London yẹn, irọ́ ni.

Alaro_OkeBaale (Sátidé, 5 Nòfẹ́ńbà 2011)

Ẹ̀yin èèyàn mi ẹ ṣeun ẹ ṣeun, ẹ kú àdúrótì. Ìyá Rukà lọ, wọ́n bá a níbẹ̀, wọ́n gbé àmàlà gbígbóná lọ fún un, mi ò mọ bí wọ́n ṣe rò ó láìsí iná, mo bi wọ́n wọ́n ní ìta gbangba ni wọ́n gbé sítóófù gáàsì kékeré sí 😂. Fóònù wọn ló fi pè wá lánàá. Iná ò tíì dé ilé ẹ̀. Mo ti múra gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, kí n tó yanu ló ti bi mí, "Àǹtí mi, ṣé tapólì yẹn ṣì gbà á?" Mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, mo gbé e fún màmá.

Ti Iléyá, àwa mẹ́fà ládùúgbò ti dáwó mú màlúù kan, ìpín keje ló ṣẹ́ kù, a fi orúkọ màmá sí i. Páànù á dúró di ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìbéèrè kan ló kù o, màmá ló ní kí n bi yín, wọ́n ò jẹ́ kí n sinmi láti àná: gbogbo igi tó wó yẹn, ta ló ń kó o? Wọ́n ní ká ní Òṣogbo ni, ilẹ̀ ò ní mọ́ kí àwọn onípákó tó gbé ẹ̀rọ ìlagi dé, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ á sì ti dé ìdí ààrò. Wọ́n ní kí ọmọ náà wá ẹni tó máa ra èyí tó wà lórí mọ́tò ẹ̀.