Ṣé kí n sanwó lẹ́sìn fún ọmọ ọdún mẹ́fà?

Ìyá Àdùnní, Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọbìnrin mi pé ọdún mẹ́fà lóṣù tó kọjá, ó sì wà ní kíláàsì kìíní ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan nítòsí ilé wa. Olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí pé kò lè ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kà, pé ó máa ń pe "b" ní "d", àti pé ó yẹ kí n fi í sí lẹ́sìn tí òun ń ṣe láti aago méjì sí aago mẹ́rin ọ̀sán. ₦15,000 ni lóṣù. N óò rí i san bí mo bá ṣọ́wó ná, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti máa ń sùn lé oúnjẹ lórí bó bá fi di aago méje alẹ́. Bàbá rẹ̀ ní kí n sanwó kí ọmọ má baà kẹ́yìn. Ìyá mi ní kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Màmá Tíṣà, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ má tíì sanwó. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní àti ìkejì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ kọ "bàtà", "ilé", "ewé" àti "dòdò" sínú ìwé, kí ẹ ní kó kà wọ́n. Bó bá kà wọ́n, a jẹ́ pé ìwé kíkà kọ́ ni ìṣòro rẹ̀, èdè tí wọ́n fi kọ ìwé ọ̀hún ni. Ìró kan ṣoṣo ni "a" ní nínú Yorùbá, nígbà tó jẹ́ pé "a" inú "cat" kì í ṣe "a" inú "cake", bẹ́ẹ̀ ọmọ tí kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ni a ń bi ní ìyẹn. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin, wọn kò kẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní ti "b" àti "d", ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo kọ́ ló fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́jọ. Bó bá kọjá ìgbà náà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Bàbá Ìbejì, Ìkòròdú:
Òótọ́ ni Màmá sọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó ti ọmọ náà? Aago márùn-ún àárọ̀ ni mo ń gbéra lọ sí Àpápá, èmi àti ìyá wọn kì í sì í wọlé ṣáájú aago mẹ́jọ alẹ́. Mo ń san owó lẹ́sìn, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo kọ̀ ni kí olùkọ́ kíláàsì wọn gba owó náà: ẹni tó mọ̀ pé òun yóò tún gbowó lórí iṣẹ́ kan náà lọ́sàn-án, kí ni yóò mú un ṣe é tán láàárọ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kan ló ń wá sílé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún wákàtí kan péré, níṣojú ìyá mi, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹun tí wọ́n sì ti sinmi.

Ìyá Fọlá, Abẹ́òkúta:
Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ojú àti etí ná. Èmi san owó lẹ́sìn fún táàmù méjì kí a tó mọ̀ pé ọmọ mi kò rí ohun tí wọ́n ń kọ sójú pátákó. Lọ́jọ́ tí ó gba awò ojú, ó ń ka orúkọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí a ń kọjá títí a fi délé, èmi ni mo wá ń sunkún nínú ọkọ̀.

Ìyá Àdùnní, Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ó ka "bàtà", "ilé" àti "ewé" láìkọsẹ̀. Ó kọ́kọ́ pe "dòdò" ní "bòbò", ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, dòdò mà ni!" Lọ́jọ́ Ajé, a ń lọ fún àyẹ̀wò ojú. N kò ní sanwó ní táàmù yìí. Bí kò bá sì sí ìyàtọ̀, n óò wá ẹni tí yóò máa wá sílé bíi ti Bàbá Ìbejì. Bàbá rẹ̀ kò tíì fara mọ́ ọn tán, ṣùgbọ́n òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ yóò kà lọ́la sílẹ̀ lọ́wọ́ báyìí, mo sì rí "àkàrà" níbẹ̀.