Ìgbì ń lọ ní ìbú, fóònù mi dúró ní òòró

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ba fídíò ẹni tó ń gun ìgbì òkun lórí pátákó jẹ́, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Ọ̀rẹ́ mi ló ń gun ìgbì. Èmi ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa. Tèmi ni kí n dúró sí etíkun, kí n máa ya fídíò tí yóò gbé sórí TikTok. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ó ti jókòó sórí pátákó rẹ̀ nínú omi fún ohun tó lé ní wákàtí kan, ìgbì gidi kò wá. Nígbà tó wá dé, ó ga ju ọ̀rẹ́ mi lọ. Ó dìde lórí pátákó, ó yà sápá ọ̀tún, ó di eré. Èmi ti gbé fóònù dúró ní òòró, mo sì ti fa àwòrán sún mọ́ ọn débi pé òun nìkan ló kún ojú fóònù. Kí n tó ṣẹ́jú, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo yí fóònù lé e, mo yí i kọjá. Ohun tí mo gbé délé ni omi, ojú ọ̀run, ìdí pátákó, omi.

Kò bú mi o. Ó wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì, ó dá fóònù padà, ó lọ pààrọ̀ aṣọ. Ì bá kúkú bú mi.

Ìgbì máa ń wó láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí èkejì, ẹni tó ń gùn ún á sì bá a lọ. Àwòrán òòró ti TikTok, tí wọ́n ń pè ní 9:16 (ìbú 9, gíga 16), tẹ́ẹ́rẹ́, kò láyè ní ẹ̀gbẹ́. Nísinsìnyí, mo kọ́kọ́ máa ń wo ibi tí ìgbì ń wó lọ, màá wá lọ dúró sí ìparí ọ̀nà rẹ̀, kí ọ̀rẹ́ mi lè máa bọ̀ wá bá mi. Ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni kì í tètè jáde nínú àwòrán. Ńṣe ló ń tóbi sí i, tí ìgbì sì ga bí ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni òòró ti ń dùn.

Bí àpáta kò bá jẹ́ kí n débẹ̀, màá dábùú fóònù, màá yà á ní 4K, ìyẹn fídíò tó mọ́ kedere gan-an, màá gé òòró jáde nínú rẹ̀ tí mo bá délé. Àwòrán 4K ní ẹyọ àmì tíntìntín (píksẹ́lì) 3840 ní ìbú, 2160 ní gíga. Bí mo bá gé òòró jáde, ìbú tó kù á tó 1215, 1080 péré la sì nílò. Àwọn kan ní ìwà ọ̀lẹ nìyẹn. Ó dáa, ọ̀lẹ ni mí, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi wà nínú àwòrán.

— Ẹ̀gbọ́n, tèmi burú ju tiyín lọ. Inú omi ni mo ti ń yà á, kámẹ́rà wà nínú àpótí tí omi kì í wọ̀. Odindi ọ̀sán, ẹ̀kán omi kan jókòó sí àárín gíláàsì, gẹ́lẹ́ níbi tí ojú ẹni tí mò ń yà wà. Ilé ni mo ti rí i. Ọ̀gá kan ní kí n máa fi ahọ́n lá gíláàsì kí n tó rì í bọ omi. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àṣé itọ́ kì í jẹ́ kí omi ṣù jọ. Ńṣe ló ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Iyọ̀ òkun kì í kúrò lẹ́nu mi mọ́.

— Omi tó ń hó funfun ló ba tèmi jẹ́. Fóònù ń mú àwòrán mọ́lẹ̀ sí i, gbogbo ìgbì wá dà bí aṣọ funfun tí wọ́n sá. Báyìí, màá tẹ ibi funfun yẹn mọ́lẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ á fi dúró sójú kan, màá wá fà á wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ má sì fa gbogbo fídíò lọ́ra. Àwòrán 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹ bá fi í hàn ní 30, ìṣẹ́jú àáyá kan ti di mẹ́rin nìyẹn. Ta ló fẹ́ wo ìyẹn tán? Ibi tí ẹni tó ń gun ìgbì ti yí pátákó nìkan ni mo ń fà lọ́ra. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀rẹ́ yín ti dárí jì yín?

— Ó ní òun ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n àwòrán ìdí pátákó yẹn ló fi sí orúkọ mi lórí fóònù rẹ̀. Bí mo bá ti pè é, òun ló ń yọ.